Omi Inú Ìgò Ìjì

"Gbé ìgò yẹn sílẹ̀."

Ìyàwó kò gbọ́ lẹ́ẹ̀kíní, nítorí omi ẹ̀rọ ń ya lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣì ń fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ fọ ọrùn ìgò náà, bó ṣe ti ń fọ̀ ọ́ láti ọdún mẹ́jọ tó ti wọlé ọkọ.

"Mo ní kí o gbé ìgò yẹn sílẹ̀. Láti òní lọ, o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohunkóhun tó máa wọ ẹnu mi mọ́."

Ọkọ rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Awakọ̀ ìdíje ni, ẹni tí gbogbo pápá eré ọkọ̀ ń pè ní Ìjì, torí bó bá ti yọ ní kọ́nà, ẹni tó wà níwájú á yà fún un. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àbúrò rẹ̀ dúró sí, ọmọ bàbá rẹ̀, tí ìyàwó sọ ní Ẹlẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí i, nítorí eyín rẹ̀ kì í wọlé. Eyín náà wà níta láàárọ̀ yìí. Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń rẹ́rìn-ín níbi tí tọkọtaya ti ń jà. Bí kì í bá ṣe wèrè, a jẹ́ pé ó ní ohun tó ń jẹ níbẹ̀.

"Ẹ rọra, bọ̀dá mi," ni Ẹlẹ́rìn-ín wí. "Ìfẹ́ ló ń da ìyàwó wa láàmú. Wọn ò kàn fẹ́ kí ẹ wakọ̀ mọ́ ni."

Ọ̀rọ̀ náà dùn bí oyin, abẹ́rẹ́ sì wà nínú oyin ọ̀hún.

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù náà ni gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìjì ló ṣáájú, ó ku ìyípo mẹ́rin kí eré parí, ni ojú rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Kọ́nà tó ti gbà láìmọye ìgbà, kò rí i. Ọkọ̀ pòòyì lẹ́ẹ̀mẹta, ó lọ forí sọ òkìtì táyà, iná sì sọ. Apá aṣọ rẹ̀ ti ń jó kí wọ́n tó fà á yọ. Nígbà tí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, oògùn oorun ló bá níbẹ̀.

Inú ọkọ̀ ìdíje máa ń gbóná bí ààrò. Ìdí nìyẹn tí awakọ̀ fi máa ń so ìgò omi mọ́ ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, tí rọ́bà kékeré á gba abẹ́ akoto wọ ẹnu rẹ̀. Ta ló ń po omi iyọ̀ àti ṣúgà sínú ìgò Ìjì? Ìyàwó ni. Ta ló ti ń bẹ Ìjì láti ọdún mẹ́jọ pé kó wá iṣẹ́ mìíràn ṣe? Ìyàwó kan náà ni. Ẹ̀rù tó ń bà á nítorí ọkọ rẹ̀ ló wá di ẹlẹ́rìí tó ń ta kò ó.

Ojú ti Ìjì láti sọ fún ọ̀gá wọn, ẹni tó ni ọkọ̀, pé nínú ilé òun ni oògùn ti wá. Ó parọ́ pé oògùn ọ̀fìnkìn ni òun ṣì lò. Ọ̀gá wò ó tìtì, ó ní, "Ọjọ́ Sátidé ọjọ́ kẹtàlélógún ni eré àṣekágbá. Bí ọkọ̀ mi bá tún forí sọ nǹkan, àbúrò rẹ ló máa wà á." Nítorí Ẹlẹ́rìn-ín ni awakọ̀ adélé, ẹni tó ń dúró de ọjọ́ tí àgbà awakọ̀ kò bá lè wà á.

"Èmi kọ́," ni ìyàwó wí. "Òótọ́ ni pé mo bẹ̀ yín kí ẹ má wakọ̀ mọ́. Ṣé kí ẹ má baà kú ni mo ṣe ń bẹ̀ yín, àbí kí n lè pa yín? Ẹnu géètì pápá ni mo ti gbé ìgò lé Ẹlẹ́rìn-ín lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, torí wọn kì í jẹ́ kí ará ilé kọjá ibẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè."

"Ọmọ bàbá mi?" Ìjì rẹ́rìn-ín ìkorò. "O fún mi lóògùn jẹ tán, o tún fẹ́ gba àbúrò mọ́ mi lọ́wọ́. Jẹ́ kí n wa eré Sátidé tán. Tó bá di ọjọ́ Àìkú, máa lọ sílé bàbá rẹ."

Màmá Ìjì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì, ó ń fọwọ́ ra orúnkún rẹ̀ méjèèjì. Obìnrin ńlá ni. Bó bá jókòó, àga ló máa ń tọrọ àforíjì. Òun ló tọ́ Ẹlẹ́rìn-ín nígbà tí ìyá tirẹ̀ kú tó fi í sílẹ̀ lọ́mọ oṣù mẹ́ta. Ọmú tí wọ́n já lẹ́nu Ìjì náà ló fi bọ́ ọ.

"Mi ò mọ èyí tó ń parọ́ nínú yín," ni màmá wí. "Ṣùgbọ́n ilé tí èèyàn ti ń fọwọ́ bo ife omi rẹ̀, inú ibẹ̀ ti bàjẹ́."

Láti ọjọ́ náà, Ẹlẹ́rìn-ín ló ń po omi. Ìyàwó á dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìdáná, á máa wo ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe ń ro ó pọ̀ tí ó sì ń súfèé. Òun mọ̀ dájú pé òun kọ́ ló ṣe é. Bí kì í bá ṣe òun, ẹni tó ṣe é gan-an ni wọ́n wá gbé ìgò lé lọ́wọ́ yìí. Ta ló fẹ́ sọ ọ́ fún? Ó la ẹnu sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, Ìjì sì jáde kúrò nínú yàrá lẹ́ẹ̀méjèèjì. Kò lè jẹun mọ́. Bí ẹnìkan bá pa ilẹ̀kùn dé, á fò sókè.

Nígbà tí ọjọ́ Sátidé pé, màmá ní òun ń lọ wo eré. "Ìyàwó ló máa dì mí mú," ló sọ fún Ìjì. "Má bẹ̀rù, ojú mi á wà lára ọwọ́ rẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lọ, arúgbó tó ń ṣọ́ ìyàwó, àti ìyàwó tó ń gbọ̀n.

Kí wọ́n tó dé ẹ̀yìn pápá, orúnkún ti ń ro màmá. Ṣọ́ọ̀bù kan ṣí sílẹ̀ níbẹ̀, bàbá arúgbó kan ń po fóòmù nínú rẹ̀. Bàbá Oníjókòó ni wọ́n ń pè é, òun ló ń rọ ìjókòó fún àwọn awakọ̀. Màmá rí nǹkan kan nílẹ̀ tó jọ àga tí kò lẹ́sẹ̀, kò bi ẹnikẹ́ni, ó ju ara rẹ̀ sínú ẹ̀. Ó fẹ́ dìde, kò lè dìde.

"Bàbá, ẹ gbà mí. Àga yín ti gbé mi mì."

"Ìyá, àga kọ́ o. Ìjókòó ọkọ̀ ìdíje ni. Ìdí ẹnìkan ṣoṣo là ń rọ ọ́ fún. Onítọ̀hún á jókòó sínú fóòmù rírọ̀ títí tó fi máa gan mọ́ ọn lára. Ìdí ẹlòmíràn kì í wọ̀ ọ́."

"Tèmi wọ̀ ọ́. Jíjáde ni kò fẹ́ jáde."

Ìyàwó di ọwọ́ rẹ̀ mú, Bàbá Oníjókòó fẹsẹ̀ tẹ ìjókòó mọ́lẹ̀, wọ́n fà á. Màmá jáde pẹ̀lú ìró kan tí n kò ní kọ síbí, torí àgbà ni. Ìjókòó náà dojú dé, wọ́n sì rí ohun tí wọ́n fi ọ̀dà dúdú kọ sí ìdí rẹ̀: *Awakọ̀ adélé. Ọjọ́ kẹrin oṣù yìí.*

Ìyàwó kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Bàbá, ṣé adélé náà máa ń ní ìjókòó tirẹ̀ ni?"

"Rárá o. Tìmùtìmù ló máa fi há inú ti àgbà awakọ̀. Bọ̀bọ́ náà ló wá bẹ̀ mí. Ó ní kí n yára, pé kí oṣù yìí tó parí, ọkọ̀ máa bọ́ sóun lọ́wọ́. Ó ní kí n má sọ létí ẹ̀gbọ́n òun, kó má baà dùn ún. Èmi rò pé ọ̀gá ti bá a sọ ọ́ ni."

"Ọjọ́ kẹrin," ni ìyàwó wí. "Ọjọ́ kẹsàn-án ni ọkọ mi forí sọ táyà. Báwo ló ṣe mọ̀ ní ọjọ́ kẹrin?"

Màmá ka ọjọ́ náà lórí ìka, ó jẹ́ márùn-ún. Nígbà náà ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ogún bú lẹ́ẹ̀kan náà nínú pápá, ilẹ̀ sì mì lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

Ìyàwó gbé ìjókòó náà karí, ó bẹ́ sáré. Màmá tẹ̀ lé e, ó ń mí bí ọkọ̀ tí omi tán nínú rẹ̀.

"Ará ilé kì í kọjá ibí," ni ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì wí.

"Ta ni ará ilé?" ni màmá wí. "Èmi ni ilé fúnra rẹ̀. Bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí n tó wó lù ọ́."

Ẹ̀ṣọ́ wo ìtóbi rẹ̀, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyàwó sì tún sáré ṣíwájú.

Wọ́n ti de Ìjì mọ́ inú ọkọ̀, akoto ti wà lórí rẹ̀. Ìgò omi wà lórí òrùlé ọkọ̀, Ẹlẹ́rìn-ín ń tún rọ́bà rẹ̀ ṣe. Ìyàwó lọ dúró gbọnin níwájú ọkọ̀ tó ń bú, ó sì la ìjókòó mọ́ imú ọkọ̀ náà gbàà. Ìjì bọ́ akoto.

"Ṣé o fẹ́ kú ni?"

"Ẹ̀yin ni mi ò fẹ́ kí ẹ kú. Ẹ ka ìdí rẹ̀. Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n ti rọ ọ́. Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí ẹ forí sọ táyà, àbúrò yín ti rọ ìjókòó tó fẹ́ fi jókòó sí àyè yín."

Ìjì kà á. Ọ̀gá náà kà á. Gbogbo wọ́n kọjú sí Ẹlẹ́rìn-ín, ó sì fún wọn ní eyín rẹ̀ lódindi.

"Bọ̀dá mi, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn múra sílẹ̀? Ẹni tó ra agboòrùn kọ́ ló pe òjò. Adélé ni mí. Bí mo bá sọ fún yín, ẹ lè rò pé mò ń gbàdúrà ibi. Ẹ wo bí ìyàwó wa ṣe ń gbọ̀n. Nínú àwa méjèèjì, ta ló ń gbọ̀n bí ẹlẹ́bi?"

Àwọn mẹkáníìkì kan rẹ́rìn-ín. Ahọ́n tó dán, ọ̀rọ̀ a máa yọ̀ lórí rẹ̀ láìfẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Ọ̀gá wo aago, ó ní, "Ìṣẹ́jú mẹ́ta."

Ìjì fa akoto rẹ̀ padà wọ̀. Ìyàwó rí i bí ojú ọkọ rẹ̀ ṣe ń pòórá sínú dúdú akoto náà.

Àsìkò yẹn ni màmá tó dé. Kò gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tí wọ́n sọ. Ọ̀fun rẹ̀ ti gbẹ bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó na ọwọ́ sí ìgò orí ọkọ̀, ó ṣí ìdérí rẹ̀, ó sì gbé e sẹ́nu.

"Mọ́mì, ẹ má mu ún!"

Ẹlẹ́rìn-ín fò kọjá imú ọkọ̀, ó gbá ìgò náà. Omi ya sílẹ̀ lórí kọnkéré. Ẹnìkan pa ẹ́ńjìnnì.

Màmá wo ọwọ́ òfìfo rẹ̀, ó wo ilẹ̀. "Kí ló dé tí n ò gbọdọ̀ mu ún?"

"Ti bọ̀dá ni, Mọ́mì."

"Mo mọ̀ pé ti bọ̀dá ẹ ni. Omi tó dáa fún un, kí ló dé tí kò dáa fún mi?"

Fún ìgbà àkọ́kọ́, ètè Ẹlẹ́rìn-ín bo eyín rẹ̀. Ó ṣubú lórí eékún. "Ẹ̀yin lẹ fún mi lọ́yàn. Mi ò lè… Mo kàn fẹ́ kó tòògbé díẹ̀ ni, kó pàdánù. Gbogbo ayé ló ń pariwo Ìjì, Ìjì. Mi ò fẹ́ kó kú."

"O mọ bí wọ́n ṣe ń sáré tó níbẹ̀," ni ìyàwó wí. Ọdún mẹ́jọ ló ti ń pè é ní ẹ̀yin, ó ti di ìwọ lónìí. "O mọ ohun tí kọ́nà ń ṣe fẹ́ni tó bá tòògbé. O mọ̀ ọ́n, o sì tún po òmíràn."

Ọ̀gá já káàdì ọrùn Ẹlẹ́rìn-ín. Àwọn aláṣẹ pápá gbé ìgò náà pẹ̀lú ìwọ̀nba omi tó kù nínú rẹ̀, ọlọ́pàá méjì sì mú Ẹlẹ́rìn-ín lọ lójú gbogbo àwọn tí ó fẹ́ kí wọ́n máa pariwo orúkọ rẹ̀. Kò sí pápá tó jẹ́ kó wọlé mọ́ títí ayé rẹ̀. Ẹni gbẹ́ kòtò fún ọmọ bàbá ẹ̀, kó gbẹ́ ẹ níwọ̀n ara rẹ̀. Màmá sunkún nítorí rẹ̀, ọmú kì í gbàgbé. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín pé ọgbọ́n àgbà ló lò, ó nu imú. "Ọgbọ́n wo? Òùngbẹ ló ń gbẹ mí."

Eré lọ láìsí ọkọ̀ Ìjì. Ó jókòó lórí táyà. "Foríjì mí," ló wí.

"Oògùn tí Ẹlẹ́rìn-ín fi sínú omi, ẹ ò mọ̀ kí ẹ tó mu ún," ni ìyàwó dáhùn. "Èyí tó fi sí yín létí ńkọ́? Ojú yín là sílẹ̀ lẹ mu ìyẹn."

Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, ọwọ́ Ìjì kò lè ki kọ́kọ́rọ́ bọ ihò. Ìyàwó gbà á, ó jókòó sídìí ọkọ̀. Ó ń wà á jẹ́jẹ́, kẹ̀kẹ́ ń kọjá wọn, akọni awakọ̀ sì ń wò wọ́n.

Ní oríta, ó dá ọkọ̀ dúró. Ọ̀tún ni ilé Ìjì, òsì ni ilé bàbá ìyàwó. Ìjì wo ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ lórí ọwọ́ ọkọ̀. Ọkùnrin tí kò bẹ̀rù kọ́nà kankan rí, òógùn ń ṣàn lẹ́yìn etí rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ẹ̀yìn ń fọn fèrè. Màmá wúkọ́, ó ní orúnkún òun fẹ́ ọ̀tún, ṣùgbọ́n orúnkún kò ní ẹnu nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ìyàwó jẹ́ kí wọ́n dúró. Ó ti bẹ̀rù fún gbogbo wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kí àwọn náà bẹ̀rù díẹ̀.

"Ilé mi ni mò ń lọ," ló wí níkẹyìn. "Ẹni tí kò bá lè bá mi gbé níbẹ̀, kó sọ̀ kalẹ̀ níbí."

Kò sẹ́ni tó sọ̀. Ó yí ọkọ̀ sọ́tùn-ún.