Oríkì Ilé Onílé

"Dára, ṣé o ti pe Màmá Ògbómọ̀ṣọ́?" Ọ̀gbẹ́ni Dayọ̀ Ọláwuyì bèèrè bó ṣe ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo máa pè wọ́n, Daddy."

Ohun tí Dára ti ń sọ láti ọjọ́ Ajé nìyẹn, ọjọ́ Ẹtì sì ti dé. Ní Awkunanaw tí wọ́n ń gbé ní Enugu, ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ní olùkọ́ Yorùbá. Orí ayélujára ló ti ń kọ́ ọ, lójú òpó ẹ̀kọ́ tí Ìyáàfin Oyèbísí ń darí láti Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wo fídíò, ibẹ̀ ni wọ́n ń fi iṣẹ́ àmúrelé sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń rí máàkì. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí kò le rárá: kí kálukú bèèrè oríkì ìdílé rẹ̀ lọ́wọ́ àgbà ilé, kó kì í, kó sì gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀. Ojú òpó náà yóò tì ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì náà.

Ìtìjú ni kò jẹ́ kí Dára pe ìyá bàbá rẹ̀. Enugu ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ kò já geere, Màmá a sì máa rẹ́rìn-ín bó bá ti la ẹnu. Ẹ̀rín ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó máa ń dun Dára dọ́kàn.

Ó ṣí ojú òpó náà. Iṣẹ́ Pamílẹ́rìn, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ti wà níbẹ̀ fún gbogbo wọn láti gbọ́. Dára tẹ́tí sí i títí ó fi mọ̀ ọ́n sórí. Ó kì í bó ṣe wà gẹ́lẹ́, ó yọ orúkọ Pamílẹ́rìn, ó fi tirẹ̀ sí i, ó sì fi ohùn náà sójú òpó kí aago mẹ́fà tó lù. "Who go know?" ló sọ fún ara rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Ìyáàfin Oyèbísí rò pé ìdílé kan náà ni àwọn ọmọ méjèèjì, ó fún un ní máàkì tó jọjú. Inú bàbá Dára dùn débi pé kò tilẹ̀ dúró gbọ́ ọ tó fi fi ohùn náà ránṣẹ́ sí Màmá lórí wásáàpù.

Kò pẹ́ tí fóònù fi dún.

"Dayọ̀, ọmọ ta lo fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi?"

"Ọmọ yín ni, Màmá. Dára ni."

"Oríkì Òpómúléró ni tiwa. Ọmọ Oníkòyí ni mo gbọ́ yìí. Ṣé ẹ ti fi ọmọ mi ta ìdílé mìíràn lọ́rẹ ni, èmi tí mo wà láàyè?"

Màmá kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Dára gba fóònù lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, omijé ti lé ròrò sójú rẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ti ọmọ kíláàsì mi ni mo kì. Ojú ń tì mí láti pè yín. Ẹ máa ń fi Yorùbá mi rẹ́rìn-ín."

Màmá dáhùn, "Háà! Bó ṣe ń rí lára rẹ nìyẹn? N ò ní rẹ́rìn-ín mọ́. Ó yá, máa wí tẹ̀ lé mi."

Lọ́jọ́ náà gan-an ni Dára kọ òtítọ́ ránṣẹ́ sí Ìyáàfin Oyèbísí. Máàkì rẹ̀ di òdo, wọn kò sì tún ṣí ojú òpó fún un. Ó sunkún, ṣùgbọ́n kò yéé pe Màmá ní gbogbo ọjọ́ Sátidé.

Nígbà tó yá, ó gba ohùn tuntun sílẹ̀. Ó kọsẹ̀ níbì kan, ó tún un sọ, ó sì kì í dópin. Kò sí máàkì kankan nínú rẹ̀. Dára ti wá mọ̀ pé ojú òpó a máa gba ohunkóhun téèyàn bá fi síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè báni kọ́ ẹ̀kọ́ tá a sá fún. Màmá ló fi ohùn náà ránṣẹ́ sí.

Èsì dé kíá. "Ẹ gbọ́ o," ni Màmá wí, "ọmọ mi nìyí."