Ọgbẹ́ Tí Ògúnsànmí Fi Ń Polówó

Ẹlẹ́dàá tí ó ta ojú ọ̀run bí aṣọ fún ẹyẹ ní ìyẹ́, ó sì fún ẹja ní lẹbẹ. Ọmọ ènìyàn ni kò fún ní èyíkéyìí nínú méjèèjì, kí ó lè máa rántí pé ọwọ́ Ẹlòmíràn ni ó gbé òun dúró. Ṣùgbọ́n ènìyàn a máa gbàgbé. Yóò ṣubú sórí àtẹ́lẹwọ́ àánú, yóò dìde, yóò sì ní agbára òun ni.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún Ògúnsànmí ará Ìkirè. Nígbà èwe rẹ̀ ó lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì wọ iṣẹ́ ológun níbẹ̀, nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí ń fi páráṣúùtì, agboòrùn ńlá nì, bọ́ sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ òfuurufú. Òun àti Olúmidé, ọmọ Àpòmù tí ó jẹ́ sájẹ́ńtì rẹ̀, ni wọ́n jọ lọ sí ogun Afghanístàn. Àwọn méjèèjì ti fẹ̀yìn tì báyìí, wọ́n sì ti padà sílé.

Lẹ́bàá ọ̀nà ní Àpòmù, níbi tí àwọn ọlọ́kadà ti ń dúró de èrò, ni Ògúnsànmí ti ń sọ ìtàn ogun. Yóò ní òun fò láti ojú ọ̀run, páráṣúùtì kọ̀ kò ṣí, oǹdè tí ó wà ní ìdí òun ni ó sì gbé òun kalẹ̀ bí òwú. Lẹ́yìn ìtàn náà ni yóò kó oǹdè jáde fún títà, awọ àti ewé gbígbẹ tí òun tìkára rẹ̀ rán pọ̀.

Bí Olúmidé bá sì ń tiro kọjá, yóò nàka sí i.

“Sájẹ́ńtì wa rèé o. Mo fún un ní oǹdè, ó ní Jésù tó òun. Ẹ bi í, irú ẹsẹ̀ wo ló gbé lọ sógun, irú èwo ló gbé bọ̀?”

Àwọn ọlọ́kadà yóò bú sẹ́rìn-ín. Olúmidé yóò kí wọn kú ìnàjú, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Kí ni òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí? Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́ fífò. Láàárín àwọn òkè Afghanístàn, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn. Ògúnsànmí kò fò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lójú ogun. Ní ọjọ́ tí ọ̀tá ká wọn mọ́ àfonífojì, ó ju ìbọn nù, ó dùbúlẹ̀ sínú kòtò, ó ń sunkún. Olúmidé ti dé ẹ̀yìn àpáta láìfarapa, ó sì tún padà wá fà á jáde. Níbẹ̀ ni ọta ìbọn ti fọ́ egungun itan Olúmidé. Ògúnsànmí mọ èyí, síbẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín.

Ṣàmsúdéènì, ọ̀dọ́ ọlọ́kadà kan, ra oǹdè náà, ó sì fi àṣíborí rẹ̀ kọ́ sílé. Lójú ọ̀nà Wásinmi ni tírélà ti gbá a. Àwọn dókítà gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan.

Ògúnsànmí lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Ó ti pèsè irọ́ sílẹ̀: yóò ní ọmọkùnrin náà jẹ èèwọ̀ oǹdè. Ṣùgbọ́n kí ó tó lanu, Ṣàmsúdéènì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Ọ̀gá Ṣójà, ẹ má bínú. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé mi ò so ó bó ṣe yẹ.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára ju ọta lọ. Ẹni tí ó pa lára ni ó ń bẹ̀ ẹ́. Kò lè wo ojú rẹ̀. Ilẹ̀ ni ó ń wò títí ó fi jáde.

Ilé Olúmidé ni ó gbà lọ. Wọ́n ní kí ó jókòó, kò jókòó. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Sájẹ́ńtì, ọgbẹ́ tó gbà mí là ni mo fi ń polówó. Ojú ń tì mí débi pé mi ò mọ bí mo ṣe máa bẹ̀ yín.”

Olúmidé fà á dìde. “Mo ti dárí jì ọ́ tipẹ́. Ṣùgbọ́n itan tèmi ò lè wẹ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ. Ẹnìkan wà tí wọ́n gún ní ìhà nítorí rẹ, ìwọ sì ń fi Òun náà ṣẹ̀sín lójú ọ̀nà. Òun ni kó o lọ bá.”

“Ṣé Ó máa gba irú mi?”

“Èmi ènìyàn lásán padà wá sínú kòtò torí rẹ. Mélòómélòó ni Òun.”

Wọ́n kúnlẹ̀, Ògúnsànmí sì fi ayé rẹ̀ fún Kristi. Lẹ́yìn náà ó padà sọ́dọ̀ àwọn ọlọ́kadà, ó sọ òtítọ́ ní ọ̀sán gangan. Wọ́n hó lé e lórí, wọ́n sì ń sọ oǹdè lù ú láyà.

Ìwọ tí ń ka ìwé yìí, kí ni ìwọ so mọ́ ìdí? Ọgbẹ́ ta ni ìwọ ń fi ṣẹ̀sín? Ronú pìwà dà lónìí. Má ṣe ní ó di ọ̀la. Ṣàmsúdéènì náà rò pé òun yóò fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn wọlé ní alẹ́ ọjọ́ náà. Kristi ń bẹ ní etí kòtò rẹ. Na ọwọ́ sí I.

Iṣẹ́ aṣọ rírán ni Ṣàmsúdéènì ń ṣe báyìí ní Àpòmù. Ògúnsànmí ni ó ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, tí ó ń gbé e bọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò tíì sọ pé òun dárí jì í. Olúmidé ń tiro síbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí Ògúnsànmí sọ ìtàn ogun, inú kòtò ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.