Má Tíì Pa Á!

"Má tíì pa á!"

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Mísbáù bá Fáòsíà sọ nìyẹn. Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ní àdúgbò Nima, bátìrì abẹ́ tábìlì ń ké píì-píì, Fáòsíà sì fẹ́ pa á kó lè dákẹ́.

"Ei! Ta lò ń pàṣẹ fún? Ilé bàbá mi nìyí o."

"Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí. Ẹ ní kí sáfà pa ara rẹ̀ ná. Bátìrì ló kẹ́yìn."

Fáòsíà rẹ́rìn-ín. Inú sáfà yẹn, kọ̀ǹpútà tó ń gbé ohùn sórí ẹ̀rọ ayélujára, ni wáàsí ìyá rẹ̀ tó ti kú wà. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin àdúgbò Nima àti ti Madina ti ń gbọ́ ọ lórí fóònù wọn. Dúmsọ̀, iná tó ń lọ tó ń bọ̀, ti ba díẹ̀ jẹ́ nínú wáàsí náà, ni wọ́n ṣe pe Mísbáù, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, wá láti Circle.

Nígbà tó yá, Mísbáù ń wá láìsí ohun tó bàjẹ́.

"Olólùfẹ́ mi, ṣé sáfà sùn dáadáa?"

"Sáfà nìkan lo bèèrè?"

Ṣùgbọ́n Àlhájì Àrówólò, bàbá Fáòsíà, kọ̀ kí wọ́n fẹ́ra. "Ẹni tí kò ní ṣọ́ọ̀bù, tó ń gbé àpò kiri? Rárá!" Ọkàn Fáòsíà gbọgbẹ́.

Lọ́jọ́ àdúà ìrántí ìyá, ilé kún, ohùn rẹ̀ ń dún lọ́wọ́, iná lọ. Àlhájì sáré dìde láti pa gbogbo súìṣì, títí kan bátìrì, bó ti máa ń ṣe.

"Bàbá, ẹ má tíì pa á!"

Fáòsíà dá wáàsí náà dúró, ó ní kí sáfà pa ara rẹ̀, ó dúró títí iná ara rẹ̀ fi kú, kó tó pa bátìrì. Iná dé, ó ṣẹ́jú, ó tún lọ. Fíríìjì aládùúgbò dún gbàmù, ó jó!

Iná tún dé.

"Kí lo tún ń dúró dè?"

"Kó fìdí múlẹ̀ ni, Bàbá."

Ó tan bátìrì, ó wá tan sáfà.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìjókòó." Ohùn ìyá ni! Ilé hó yèè.

Àlhájì nu ojú. "Ta ló kọ́ ọ?"

"Mísbáù ni."

"Sọ fún un kó kó àwọn ẹbí rẹ̀ wá."

Lọ́jọ́ yìgì wọn nínú àgbàlá náà, iná tún lọ. Àlhájì ló kọ́kọ́ pariwo: "Ẹ má tíì pa á o!" Ẹ̀rín sọ. Tọkọtaya wọlé, wọ́n jẹ́ kí sáfà sùn.

Nígbà tí iná padà dé, wọn ò sáré. Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n dúró kó fìdí múlẹ̀.