Fọ́ọ̀jì Tí Kò Fẹ́ Dì

Delia ti ọ̀bẹ bọ inú páànù náà, ọ̀bẹ sì kọjá bí ìgbà tí èèyàn ń gé omi. Ó gbé páànù náà fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀. Fọ́ọ̀jì, súìtì oníṣokoléètì tó yẹ kó ti le bí ọṣẹ, rọra ṣàn lọ sí igun kan bí ọbẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná.

"Mo gbé," ló sọ fún ara rẹ̀.

Èyí tó kọ́kọ́ sè dì ní tirẹ̀, àmọ́ nígbà tó fi sẹ́nu, ńṣe ló ń ha eyín bíi yanrìn. Ṣúgà, wàrà, bọ́tà àti ṣokoléètì, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ló wá le níbẹ̀? Ọjọ́ kejì ni ìpàtẹ ìlú Kettle Bay, òun fúnra rẹ̀ ló sì fi ẹnu ara rẹ̀ ṣèlérí níwájú gbogbo ìdílé pé òun máa dúró fún màmá rẹ̀ àgbà nídìí tábìlì súìtì.

Kò sí ẹni tí kò mọ fọ́ọ̀jì màmá àgbà yìí, Verna Haskett, ní etí adágún ìlú náà. Ṣùgbọ́n nígbà òtútù tó kọjá, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu màmá náà. Apá rẹ̀ ọ̀tún kú tipiri, ọ̀rọ̀ sì wá dà bí ẹrù wúwo lẹ́nu rẹ̀. Ọjọ́ tí Delia ṣèlérí yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ rí ẹ̀rín lójú ìyá náà látìgbà náà.

"Dee... li..." Ohùn màmá àgbà ń bọ̀ láti yàrá kejì.

"Mo ń bọ̀, mà!" Delia dáhùn, àmọ́ kò lọ. Ó fẹ́ràn ìyá náà gan-an. Ṣùgbọ́n kéèyàn dúró kí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó jáde lẹ́nu wọn, ó máa ń sú u.

Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni Brynn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ilé ìwé, gbà wọlé. Ó ti ìka bọ inú páànù, ó lá a.

"Ṣé súìtì lo sè ni àbí ọbẹ̀?"

"Brynn, má bẹ̀rẹ̀ o. Ọkàn mi ò balẹ̀."

"Báwo ló ṣe fẹ́ balẹ̀? Gbọ́, ṣebí ṣọ́ọ̀bù tó ń ta fọ́ọ̀jì fún àwọn àlejò wà létí adágún níbẹ̀ yẹn? Lọ rà á, tún un gé kéékèèké, kó o tò ó sínú àwo màmá ẹ àgbà. Ta ló máa mọ̀?"

"Àfọwọ́ṣe ni wọ́n ní ká gbé wá."

"Ṣé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ti ṣọ́ọ̀bù ni?"

Delia rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dé ikùn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti ra fọ́ọ̀jì wálé, ó fi í pa mọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Lọ́jọ́ ìpàtẹ, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Ìyáàfin Odell, ọ̀rẹ́ màmá àgbà láti kékeré, ló ń tọ́ súìtì àwọn ọ̀dọ́ tó ń díje wò. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Delia, ó mú ẹyọ kan, ó jẹ ẹ́, ó mi orí pé ó dára.

"Ó kúnná dáadáa. Báwo lo ṣe mọ ìgbà tó yẹ kó o sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí iná?"

"Mo... mo kàn ń wo aago ni, mà."

"Aago kẹ̀?" Ìyáàfin Odell wò ó lójú, àmọ́ kó tó tún béèrè nǹkan kan, ìyá Delia ti ti àga onítáyà màmá àgbà débẹ̀. Màmá àgbà na ọwọ́ òsì, ó mú fọ́ọ̀jì kan. Ó jẹ díẹ̀. Ó dẹ́kun jíjẹ. Ó gbójú sókè, ó sì wo ọmọ ọmọ rẹ̀.

Ìwò yẹn kò ní ìbínú nínú. Bó bá jẹ́ ìbínú ni, ì bá sàn fún Delia.

Ìyáàfin Odell bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà. "Verna, èmi ò mà mọ adùn yìí mọ́ ẹ. Ṣé ọwọ́ ọmọ yìí náà ló ṣe é lóòótọ́?"

Gbogbo èèyàn ń dúró de ọ̀rọ̀ lẹ́nu màmá àgbà. Obìnrin tí kì í purọ́, tí kì í fi òtítọ́ pa mọ́ fún ọba tàbí fún ìjòyè, rọra mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Delia rí i pé irọ́ tóun pa, màmá àgbà òun ti gbé e rù.

"Rárá, mà!" Ohùn rẹ̀ ròkè ju bó ṣe rò lọ. "Ẹ má da màmá mi àgbà lóhùn. Mo rà á ni. Méjì ni mo sè, méjèèjì ló bàjẹ́."

Wọ́n gbé àwo náà kúrò lórí tábìlì, wọ́n sì fagi lé orúkọ rẹ̀ nínú ìdíje. Brynn yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ́rìn-ín débi tí ọ̀kan ń di inú mú. "Delia oníṣọ́ọ̀bù" ni wọ́n ń pè é fún ìgbà pípẹ́.

Nígbà tí wọ́n délé, ó jókòó sílẹ̀ nídìí àga màmá àgbà, ó ń sunkún.

"Ẹ má bínú, mà. Ó yẹ kí n ti bi yín bí wọ́n ṣe ń sè é."

Màmá àgbà gbé ọwọ́ òsì lé e lórí. "Mo... ń pè... ẹ́."

Delia dìde, ó ti àga náà lọ sí ilé ìdáná, ó sì gbé ìkòkò kaná.

Lọ́tẹ̀ yìí, màmá àgbà ló ń darí rẹ̀. Ó ní kí Delia máa kán èyí tó ń hó náà sínú omi tútù, kó lè mọ̀ bó bá ti jinná. Ẹ̀kán àkọ́kọ́ fọ́n ká. Èyí tó tẹ̀ lé e fà bí okùn. Nígbà tó yá, ó kó ara jọ sábẹ́ omi, ó rọ̀ bí àkàrà kékeré láàárín ìka. Màmá àgbà tọ́ka sí iná: sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Delia fa ṣíbí igi yọ kíákíá kó lè máa rò ó, ni màmá àgbà bá lu tábìlì gbàgbà.

"Fi... sílẹ̀!"

"Tó bá wá le mọ́ ìkòkò ńkọ́, mà?"

"Fi... sílẹ̀."

Wọ́n dúró. Ìgbà náà ni Delia rántí pé òun ti rò ti àkọ́kọ́ nígbà tó ṣì gbóná, òun ló mú kó dà bíi yanrìn. Ọwọ́ ń yún Delia láti rò ó, ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń fi ọwọ́ kan ìdí ìkòkò. Ìgbà tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lè gbà á láìjó ni màmá àgbà tó gbà kó rò ó. Ó rò ó títí apá fi ń ro ó. Ṣokoléètì náà ń dán bíi dígí, ó sì ń le sí i. Lójijì, dídán náà pòórá.

"Báyìí!" màmá àgbà ké, ọ̀rọ̀ náà sì já geere lẹ́nu rẹ̀.

Delia dà á sínú páànù. Nígbà tó tutù, ọ̀bẹ gé e ní gígé gidi, etí rẹ̀ mú ṣánṣán. Ó gbé ẹyọ kan fún màmá àgbà. Ìyá náà jẹ ẹ́ tán, ó ya ẹnu láti sọ nǹkan, ọ̀rọ̀ sì há. Delia fa àga kan, ó jókòó tì wọ́n.

"Ẹ fara balẹ̀, mà. Mi ò lọ síbì kankan."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ọ̀nà àbùjá tí Delia gbà dójú tì í, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba orúkọ ẹni tó fẹ́ràn jù jẹ́. Ọgbọ́n tó sì ń wá kiri kò jìnnà sí i. Ó wà ní yàrá kejì, ó ń pe orúkọ rẹ̀, sùúrù láti gbọ́ ọ ni Delia kò ní.