Ẹni Tó Dá Ará Àbàtà

Ọjọ́ tí Fetuao kọ́kọ́ wọ yàrá ẹ̀yìn ilé ìkàwé àdúgbò Woodridge, Brodie rò pé ó ṣìnà ni.

"Àwọn tó ń hun aṣọ wà ní yàrá kejì," ló sọ fún un.

Fetuao wò ó láti òkè délẹ̀. "Ta ló sọ fún ọ pé aṣọ ni mo fẹ́ hun? Eré yín ni mo bá wá. Àbí ẹ ti kún?"

Gbogbo àwọn tó wà nídìí tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Brodie, ó pọ́n dé etí. Ó sáré fa àga fún ọmọbìnrin náà, ó sì lu orúnkún mọ́ tábìlì níbi tó ti ń sáré. Fetuao rẹ́rìn-ín músẹ́. Láti orí ẹ̀rín yẹn ni ọkàn Brodie ò ti dúró sójú kan mọ́.

Fíríìjì ni Brodie Kessell ń tún ṣe láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ṣùgbọ́n bó bá ti di ọ̀sán Sátidé, ọba ni. Ìtàn ni eré tí wọ́n ń ṣe. Ẹnì kan á máa pìtàn, àwọn yòókù á di ènìyàn inú ìtàn náà: ọ̀kan jagunjagun, ọ̀kan oṣó, ọ̀kan olè. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ṣe ohun tó le, á da dáìsì bíi ti lúdò, dáìsì ni yóò sọ bóyá ó ṣeé ṣe. Brodie ni apìtàn wọn. Láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti ń kọ ayé náà sínú ìwé kan tó nípọn, ó kọ òkè rẹ̀, ó kọ ọba rẹ̀, ó kọ ọlọ́run rẹ̀.

"Kí lo fẹ́ jẹ́?" ó bi Fetuao.

"Àlùfáà."

Ọmọ Pásítọ̀ Tavita Leavasa ni, ẹni tó ń darí ìjọ àwọn ará erékùṣù Samoa ní Kingston, àdúgbò tó wà nítòsí. Nígbà tí wọ́n dé ojú ogun àkọ́kọ́, ó di ojú, ó sì gbàdúrà sókè ketekete fún àwọn tó fara pa nínú ìtàn. Hamish, ọ̀rẹ́ Brodie láti kékeré, tó ń ṣe olè, fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ jọ̀ọ́ o, Ìyá Àlùfáà! Eré ni, kì í ṣe ìsìn."

"Bí mo bá máa jẹ́ àlùfáà, mi ò ní ṣe é láàbọ̀," ni Fetuao dá a lóhùn. "Ìwọ tó o jẹ́ olè ńkọ́? Ṣé o kì í jalè dáadáa ni?"

Kò pẹ́ tí Brodie fi ń kọ ìtàn nítorí tirẹ̀ nìkan. Ó kọ́ tẹ́ńpìlì fún àlùfáà rẹ̀, ó fún un ní odò tó ń wo àìsàn. Lẹ́yìn eré, àwọn méjèèjì á jókòó síwájú ilé búrẹ́dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin, wọ́n á pín páì ẹran kan jẹ.

"Ọkàn mi," ni Brodie sọ lọ́jọ́ kan, "mo fẹ́ràn rẹ o. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kó dùn létí."

"O ti sọ ọ́ kó dùn. Nu ọbẹ̀ tó wà ní àgbọ̀n rẹ."

Ṣùgbọ́n ilé ò gba gbogbo ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá ìjọ ti lọ bá Pásítọ̀ pé eré Sátánì ni ọmọ rẹ̀ ń bá àwọn òyìnbó ṣe. Fetuao kúnlẹ̀ ti bàbá rẹ̀. "Bàbá, ìtàn ni. Àwọn ènìyàn rere ń gba aláìlágbára sílẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ." Pásítọ̀ ronú, ó ní kí ọmọkùnrin náà wá jẹun lọ́jọ́ Ìsinmi.

Brodie lọ. Ó jẹ kókò tí wọ́n fi wàrà àgbọn sè, ó jẹ ẹlẹ́dẹ̀ sísun títí ó fi tú bẹ́líìtì. Bàbá àgbà ilé náà, tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan, ló ń bu ẹran lé e. Bí baba náà ṣe bẹ̀rẹ̀ láti gbé abọ́, aṣọ tó ró sún sókè díẹ̀, ara fínfín dúdú sì hàn ní itan rẹ̀. Brodie rí i. Kò ronú nǹkan kan.

Ní Sátidé kan nínú oṣù Keje, ìtàn gbé wọn dé àbàtà. Inú Brodie ń dùn, nítorí ibẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ nínú gbogbo ayé náà. Ó ṣí ìwé, ó ń kà.

"Ará Àbàtà nìyí. Láti inú ìyá wọn ni wọ́n ti ya ìkà. Wọ́n fín ara láti ìbàdí dé orúnkún, ìlà kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ti pa jẹ. Wọ́n á lọ gbòǹgbò igi, wọ́n á mu omi rẹ̀ nínú ọpọ́n ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á wá ẹni tí wọn yóò jẹ. Ẹ gba ọ̀kan láyè, ogún á tẹ̀ lé e."

Hamish da dáìsì. Wọ́n pa àwọn jagunjagun Ará Àbàtà tán. Nínú ahéré tó kẹ́yìn, wọ́n bá àwọn ọmọdé.

"Pa wọ́n," ni Hamish wí, ó ń jẹ ànàmọ́ díndín. "Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ìwé ti sọ ọ́."

Ohùn Fetuao lọlẹ̀. "Àlùfáà mi kúnlẹ̀ síwájú àwọn ọmọ náà. Ó ń gbàdúrà fún wọn."

Brodie wo ìwé rẹ̀. "Àdúrà ò lè ràn wọ́n lọ́wọ́, olólùfẹ́. Wọn ò ní ọkàn. Bí wọ́n ṣe dá wọn nìyẹn."

Fetuao na ọwọ́, ó gba ìwé náà, ó tún ojú ewé náà kà fúnra rẹ̀. Nígbà tó gbé ojú sókè, omi ti kún un.

"Láti ìbàdí dé orúnkún," ló wí. "Brodie, o ti jẹun nílé wa. Bàbá bàbá mi tó fín bẹ́ẹ̀ ló bu ẹran fún ọ."

Ìgbà yẹn ni Brodie tó rí itan baba náà lójú ọkàn rẹ̀. Ó wù ú kí ilẹ̀ lanu gbé e mì. Fetuao gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

"Ṣé nítorí eré?" ni Hamish bèèrè.

"Dákẹ́, Hamish," ni Brodie wí. Ó kó dáìsì, méjì bọ́ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó fi kálàmù fa ìlà lé gbogbo ọ̀rọ̀ ara fínfín inú ìwé náà lórí. Ó sọ Ará Àbàtà di Ará Òkè, ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí Fetuao pé òun ti tún un ṣe.

Èsì tó gbà kò gùn. "O ti yí orúkọ wọn padà. Ṣé o ti yí ojú tó o fi ń wò wá padà?"

Kò lè jẹun. Bó bá wà nídìí fíríìjì oníbàárà, ọ̀rọ̀ tó kọ á máa pààrà rẹ̀, ojú á tún tì í, bí ẹni pé oníbàárà gan-an ti kà á. Ó wá kà níbì kan pé ní Samoa, bí ènìyàn bá ṣẹ ìdílé kan, á lọ jókòó síwájú ilé wọn, á fi ẹní borí, títí àwọn tó ṣẹ̀ á fi jáde wá ká ẹní náà kúrò. Ó sáré ra ẹní, ó pe Fetuao.

Fetuao gbọ́ ọ tán. "Irú ẹní wo lo rà?"

"Èyí tí wọ́n ń tà fún... etí òkun."

"Má gbé e wá síwájú ilé bàbá mi o! O ti mú ara fínfín tí àwọn àgbà wa fi ń gba ọlá, o ti mú ọpọ́n tí a fi ń mu omi gbòǹgbò. Fi èyí sílẹ̀ fún wa." Ó mí kanlẹ̀. "Bí o bá ní ọ̀rọ̀, wá jókòó lórí àga, kí o fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́. Mú ìwé náà dání. Mú ìyá rẹ náà wá. Lọ́dọ̀ wa, ènìyàn kì í dá ru ẹ̀ṣẹ̀."

Ìyá rẹ̀, Glenys, kọ̀ jálẹ̀. "Nítorí dáìsì? Inú àwọn yẹn máa ń tètè bàjẹ́ jù."

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́. Bí ẹ ò bá bá mi lọ, wọn ò ní gbọ́ mi. Mo fẹ́ fẹ́ ọmọ yìí."

Glenys ṣe hùn, ó wọ bàtà.

Ní pálọ̀ Pásítọ̀, Bàbá àgbà jókòó sórí àga rẹ̀. Bó ṣe rí Brodie, ó rẹ́rìn-ín sí i, ó na ọwọ́ sí i bí ẹni rí ọmọ tó ti pẹ́. Brodie bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, kò lè wo ojú rẹ̀.

"Kà á," ni Pásítọ̀ wí.

"Sà, ó burú."

"Mo mọ̀ pé ó burú. Ọmọ mi sunkún fún ọjọ́ mẹ́ta. Kà á."

Brodie ka ojú ewé náà bó ṣe kọ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́. Baba àgbà ń tẹ́tí, ó ń mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ẹ̀rín yẹn wọ Brodie lára ju ìbínú lọ. Nígbà tó dé ibi "Ẹ gba ọ̀kan láyè, ogún á tẹ̀ lé e," Glenys gbé ọwọ́ lé ẹnu.

"Dúró," ló wí. "Èmi ni mo máa ń sọ ìyẹn. Nídìí oúnjẹ, nígbà tí àwọn ará Samoa kó dé ilé kejì. Brodie ò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ." Omi dà lójú rẹ̀. "Pásítọ̀, ẹnu mi ló ti gbọ́ ọ."

Pásítọ̀ yíjú sí ọmọkùnrin náà.

"Brodie, àwọn ènìyàn yìí, ta ló dá wọn?"

"Èmi ni, sà."

"Ta ló fi ìkà sínú wọn?"

"Èmi ni."

"Ta ló ní wọn ò ní ọkàn?"

Brodie tọ́ka sí ara rẹ̀.

"Lẹ́yìn náà lo rán àwọn ẹni rere kí wọ́n lọ pa wọ́n nítorí pé wọ́n jẹ́ ìkà." Pásítọ̀ mi orí. "Àwọn ìyá ìjọ ní èṣù wà nínú eré yín. Mo ní rárá. Èṣù ibẹ̀ ò bà mí lẹ́rù. Ọlọ́run ibẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù."

Brodie sunkún bí ọmọdé. "Ẹ dárí jì mí, sà."

"Nílé wa, a máa ń sọ pé òkúta ń jẹrà, ọ̀rọ̀ kì í jẹrà. Mo dárí jì ọ́ nítorí pé Olúwa mi pa á láṣẹ. Kò rọrùn fún mi o. Ní ti ọmọ mi, òun ló mọ̀."

Fetuao sìn wọ́n dé ẹnu géètì. Glenys ti wọ ọkọ̀.

"Ọkàn mi..." ni Brodie bẹ̀rẹ̀.

"Má pè mí bẹ́ẹ̀ lónìí." Ó pa ojú dé díẹ̀. "Mo ṣì fẹ́ràn rẹ, òun ló ń dùn mí. Ìgbà mìíràn á wà tí màá wò ọ́, tí màá sì gbọ́ ohùn rẹ níbi tó o ti ń kà á. Ṣé o lè bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbé?"

"Mo lè bá a gbé."

"Má yá lẹ́nu. Lọ rò ó."

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá. Brodie sọ fún Hamish pé òun ò pìtàn ayé yẹn mọ́. Hamish ní, "Eré lásán ni, ọ̀rẹ́." Brodie ní, "Eré ni. Àwa la ṣe é." Ó ro ìbéèrè Fetuao ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, ibi kan náà ló ń já sí: ó lè bá a gbé.

Ní àárọ̀ Ẹtì kan, àtẹ̀jíṣẹ́ Fetuao wọlé: "Ọjọ́ Ìsinmi, aago mẹ́sàn-án. Wọ ṣòkòtò gígùn."

Ìjókòó ẹ̀yìn ni Brodie jókòó sí nínú ṣọ́ọ̀ṣì Pásítọ̀. Fetuao wá bá a níbẹ̀ nínú aṣọ funfun, ó jókòó tì í. Ìyá arúgbó kan tó dé fìlà funfun yíjú padà, ó wo Brodie, ó bi Fetuao léèrè nǹkan kan lédè wọn. Fetuao dá a lóhùn. Arúgbó náà wò ó pẹ́, ó sì yíjú síwájú.

"Kí lẹ sọ?" ni Brodie fi ohùn kẹ́lẹ́ bèèrè.

"Ó ní ta ni ọ́. Mo ní, 'Ẹni tó ṣẹ̀ wá ni. Èmi ni mo ní kó wá.'"

Ojú ti Brodie títí dé eegun. Orin bẹ̀rẹ̀, gbogbo ìjọ dìde. Òun náà dìde. Kò mọ orin náà, ṣùgbọ́n Fetuao ṣí ìwé orin sáàárín àwọn méjèèjì, ó ń fi ìka tọ́ka sí ọ̀rọ̀ fún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan.