Ọfà Tó Ń Kọjú sí Télọ̀

"Ẹ má mira!"

Bí ọmọbìnrin tó ń tún rédíò ṣe ṣe kí télọ̀ káàbọ̀ nìyẹn, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó gbé mọ́tò máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ wá fún àtúnṣe. Kọ́ńpáàsì, ẹ̀rọ atọ́nà tí ọmọbìnrin náà ń ṣe, wà lórí tábìlì: pátákó kékeré tí í ṣe ọpọlọ rẹ̀, ẹ̀yà tó ń mọ ibi tí àríwá wà, àti gíláàsì tí ọfà ń hàn lójú rẹ̀. Láti àárọ̀ ni ọfà náà ti kọjú sí àríwá. Bí télọ̀ ṣe gbọ́wọ́ lé tábìlì báyìí, ọfà yí bírí, ó kọjú sí i.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo jí?" ni télọ̀ bi í.

Ẹ̀rín pa ọmọbìnrin náà. Nígbà tí télọ̀ fi máa wá lẹ́ẹ̀kẹrin, kò sí nǹkan tó bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ìfẹ́ ló ń gbé e kiri. Ọmọbìnrin náà sì ti ń retí ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Àmọ́ gbogbo ìgbà tó bá ti dé ni ọfà ń ṣìnà.

Bàbá ọmọbìnrin náà, awakọ̀ ojú omi, ló ń ṣe ẹ̀rọ yìí fún, nítorí kùrukùru tó máa ń bo odò. Bàbá rí ọfà tó ń ṣìnà, ó fajú ro.

"Ohun tó ń yí ọfà yìí ti ń yí ìwọ náà lórí. Bí kò bá tọ́ lọ́la, kí télọ̀ yẹn má tẹ ilé mi mọ́."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, bí ọmọbìnrin náà ṣe ń de ìdí ẹ̀rọ, nọ́ọ̀tì onírin kan bọ́. Télọ̀, tó ti dé, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti bá a mú un. Pà! Nọ́ọ̀tì fò, ó lẹ̀ mọ́ tìmùtìmù kékeré tí télọ̀ dè mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀, níbi tó ń kó abẹ́rẹ́ sí.

"Olólùfẹ́ mi, kí ló wà nínú ìyẹn?"

"Òòfà ni. Òun ló ń di abẹ́rẹ́ mú."

"Yéè! Ìwọ lo ti ń pa mí láyò látọjọ́ yìí!" Ó dì mọ́ ọn gbàgì.

Wọ́n gbé òòfà síta. Ọmọbìnrin náà yí kọ́ńpáàsì sọ́tùn-ún, sósì, sókè, sísàlẹ̀, kí ọfà lè tún mọ gbogbo ẹ̀gbẹ́. Télọ̀ sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Ọfà ò yẹ̀!

Bàbá gbé kọ́ńpáàsì náà sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó wọ inú kùrukùru lọ, ó sì padà gúnlẹ̀ síbi tó ti gbéra gan-an.

"Ọmọ mi, o káre." Ó yíjú sí télọ̀. "Gbé òòfà rẹ jìnnà sí ọkọ̀ mi."

"Mo ti gbọ́, bàbá."

"Ìwọ fúnra rẹ, sún mọ́bí. Ọjọ́ wo làwọn òbí rẹ máa ráyè wá rí wa?"

Télọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

"Lọ́la, bàbá mi!" ni ọmọbìnrin náà bá a dáhùn.