Ta Ló Sọ Pé Abẹ́là Méje?

Bọ́sẹ̀, akọ̀wé ìran ní ìjọ aláṣọ funfun kan ní Lakowe, ń nu àga ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sàn-án Sátidé nígbà tí Victor, ọ̀kan lára ọmọ ìjọ, já wọlé tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀. Victor tí kì í gbàgbé bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà! Bọ́sẹ̀ ti mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

"Àǹtí Bọ́sẹ̀, ẹ bá mi yọ̀ o! Ọlọ́run ti fìdí ìran ọjọ́ Friday múlẹ̀!"

"Bọ́ bàtà ẹ ná. Ìran wo?"

Ibi iṣẹ́ ni Victor wà ní pọ́ọ̀tù Lekki lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tí Wòlíì Ọlálérè, wòlíì ìjọ wọn, ríran sí i. Bọ́sẹ̀ ló pè é pé ìran kan jáde fún un, pé kó wá gba ìwé rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Kò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ lórí fóònù.

"Wòlíì kan tí mi ò rí rí ló pè mí láàárọ̀ yìí," ni Victor wí. "Ó dárúkọ mi, ó dárúkọ Tolúwani ìyàwó mi, ó ní ìran ọjọ́ Friday náà lòun rí. Àǹtí, ó mọ̀ pé ó lóyún! A ò tíì sọ fún ìyá mi gan-an! Ó ní kí n wá bá òun létí òkun ní aago mẹ́rin òní. Ó ní kí n dá wá, kí n mú abẹ́là méje àti káàdì báǹkì mi dání kí òun lè yà á sí mímọ́, torí ibẹ̀ lọ̀tá fẹ́ gbà mú ọmọ náà."

Bọ́sẹ̀ ju àkísà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Abẹ́là kẹ̀? Méje kẹ̀?

"Jókòó síbí, má lọ ibì kankan," ó wí, ó sì sáré wọ yàrá ìwé.

Ó tú ọ̀rá tí ìwé ọjọ́ Ẹtì wà nínú rẹ̀. Ohun tí Wòlíì Ọlálérè sọ ló fi bírò kọ síbẹ̀: oyún ìyàwó Victor, abẹ́là mẹ́ta. Ó tan kọ̀ǹpútà, ó ṣí ibi tó tẹ ìran náà sí. Abẹ́là méje. Oorun ló ń kùn ún lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ṣì í tẹ̀, kò sì tíì fi han ẹnikẹ́ni. Ní gbogbo ayé yìí, inú kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ni méje wà.

Ẹ ò rí i bí obìnrin náà ṣe ń làágùn nídìí fáànù. Omi òjò ló wọ yàrá ìwé lọ́dún tó kọjá, tó ba ìwé ìran ìjọ jẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n jẹ́ kí òun máa tọ́jú gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Àìsàn ẹni yìí, ẹkún ẹni tọ̀hún, ọ̀rọ̀ tí èèyàn kì í sọ fún ọkọ rẹ̀, tòun ti orúkọ àti nọ́ńbà fóònù wọn, ibẹ̀ ló kó wọn sí.

Àsìkò yẹn ni Mọ̀nsúrát wọlé. Ikate ló ti wá, òun ló ń ṣọnà sí sùtánà àwọn ọmọ ìjọ. Ọmọ tó kàwé kọ̀ǹpútà jáde ni, kó tó gba ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀.

"Àǹtí, kí ló dé tẹ́ ẹ̀ ń làágùn báyìí?"

Bọ́sẹ̀ tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Mọ̀nsúrát ju sùtánà sórí tábìlì, ó kọ́kọ́ yọ kọ̀ǹpútà náà kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

"Ta ló bá yín fi Windows, ètò tó ń darí ẹ̀, sí i?"

"Ọ̀gá kan ní Ajah. Ó ní èyí tó wà lórí ẹ̀ ti gbó, pé àwọn tó ṣe é ò tún un ṣe mọ́. Ó ní ojúlówó tuntun ti wọ́n jù, pé òun á fi èyí tí wọ́n ti já kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ sí i fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Antivirus tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà wá ń pariwo, ọ̀gá náà ní kí n pa á, pé ariwo lásán ni."

"Kì í ṣe ariwo lásán, Àǹtí. Olè ló rí. Ẹni tó já kọ́kọ́rọ́ yẹn ló ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún ara ẹ̀. Ó ń wo gbogbo ohun tẹ́ ẹ̀ ń tẹ̀."

"Mo gbé! Kí ni kí n wá ṣe? Mi ò lówó ojúlówó."

"Tówó ò bá sí, Linux wà, òun náà ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, ọ̀fẹ́ ni."

"Ọ̀fẹ́ ti sú mi, Mọ̀nsúrát! Ọ̀fẹ́ náà ló kó mi sí wàhálà yìí!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Ẹrù olè ni wọ́n fún yín. Àwọn tó ṣe Linux fúnra wọn ló ní kí gbogbo ayé máa lò ó. Wọ́n tẹ́ bí wọ́n ṣe ṣe é síta, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò."

"Ṣé òun nìwọ náà ń lò?"

"Rárá, Windows ni tèmi, mo sì sanwó ẹ̀. Ẹ̀rọ tí mo fi ń ṣọnà ò bá nǹkan míì ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ̀ ń fi tiyín ṣe?"

"Mo fi ń tẹ ìran, mo fi ń tẹ orin, mo sì ń tẹ̀ wọ́n jáde."

"Linux á ṣe gbogbo ìyẹn. Ojú ẹ̀ á kọ́kọ́ ṣàjèjì sí yín, a sì gbọ́dọ̀ dán ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín wò kó tó di pé a fi sí i. Àmọ́ Àǹtí, Victor ńkọ́?"

Bọ́sẹ̀ ta gìrì. Victor ti wọ bàtà, ó ti dé ẹnu géètì.

Ó sáré bá a, ó fà á padà sí yàrá ìwé, ó fi ìwé hàn án, ó fi kọ̀ǹpútà hàn án. Ojú tì í dé egungun. "Èmi ni mo ṣì í tẹ̀, Victor. Ẹni tó pè ọ́ kò ríran kankan. Àṣìṣe mi ló kà."

Victor wo mẹ́ta, ó wo méje. Ó jókòó sórí ilẹ̀.

"Ẹ gbé ọ̀rọ̀ inú ilé mi sínú ẹrù olè, Àǹtí?"

Nígbà tó ku díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù, fóònù Victor dún. Nọ́ńbà ẹni tó pè é láàárọ̀ ni. Wọ́n jọ wò ó títí ó fi dákẹ́. Victor kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀ fún ọlọ́pàá, ó wá bèèrè pé, "Ìran ẹni mélòó ló wà nínú kọ̀ǹpútà yìí?"

"Mọ́kànlélọ́gọ́ta."

Wọn ò dúró jẹun. Ilé dé ilé ni wọ́n ń lọ láti kìlọ̀ fún àwọn tó nìran náà. Ní ilé kẹta, Tóyọ̀sí tọ́kọ rẹ̀ kú lọ́dún tó kọjá ló ṣílẹ̀kùn fún wọn, fóònù wà létí rẹ̀, ẹ̀rín sì wà lójú rẹ̀. Ó fọwọ́ bo ẹnu fóònù.

"Àǹtí Bọ́sẹ̀, ẹ rọra," ó wí. "Wòlíì kan ló ń bá mi sọ̀rọ̀."

Ẹ̀yin èèyàn wa, kọ̀ǹpútà yín mọ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Ẹ má ṣe gba ètò tí wọ́n já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, bó ti wù kó rọjú tó. Iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rò. Bí iṣẹ́ náà kò bá ṣeé ṣe láìsí ètò olówó, ẹ tu owó jọ, ẹ ra ojúlówó lọ́wọ́ ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti tà á. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ lo ti ọ̀fẹ́ tí àwọn tó ṣe é fọwọ́ sí, kẹ́ ẹ sì gbà á láti ojúlé wọn gan-an lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Èyí tó wù kẹ́ ẹ mú, ẹ máa jẹ́ kó gba àtúnṣe tuntun tí wọ́n bá gbé jáde, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà iṣẹ́ yín síbòmíràn. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kẹ́ ẹ pa antivirus kí òun tó ṣiṣẹ́, ẹ gba kọ̀ǹpútà yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí àjèjì bá sì pè yín, tó ń ka àṣírí yín bí ẹni ń ka ìwé, ẹ má tíì dọ̀bálẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wádìí ibi tí ìwé náà wà.